Bàbá ò sunkún, ìyá ò sọ̀rọ̀: èsì sí ìbéèrè yín lórí fíìmù àwọn òbí tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá a fẹnu ba fíìmù Manchester by the Sea, èyí tí Kenneth Lonergan kọ tó sì darí ní 2016, ti bàbá kan tí iná ilé pa ọmọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ òun fúnra ẹ̀ ni iná ọ̀hún ti wá. Àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn kan ń bínú, àwọn kan ń sunkún, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n dá owó tóun fi wò ó padà fóun (mi ò ní dá kọ́bọ̀ padà o). Mo ṣa àwọn tí mo lè dáhùn, mo gé èyí tó gùn jù, mo yọ orúkọ gbogbo yín kúrò. Ẹni tí ò bá tíì wo àwọn fíìmù yìí kó mọ̀ pé mo máa sọ bí wọ́n ṣe parí, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ ní àbọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, fíìmù yẹn bí mi nínú gan-an ni. Wákàtí méjì ó lé ni mo fi jókòó tí mò ń retí kí ọkùnrin yẹn rí ìtura, kó padà sọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀ tàbí kó gba ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tọ́, ó parí, kò ṣe ìkankan. Irú ìparí wo nìyẹn? Ṣé kò sí ìrètí fẹ́ni tọ́mọ kú fún ni?

Èsì: Ẹ jẹ́ n rán àwọn tó kù létí ná. Lee, tí Casey Affleck ṣe, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń mutí nílé ẹ̀ lóru, Randi ìyàwó ẹ̀ lé wọn lọ, òtútù ń mú, Lee ki igi sínú iná tí wọ́n fi ń mú ilé móoru, ó wá fẹsẹ̀ rìn lọ ra bíà sí i. Ojú ọ̀nà ló wà tó fi ń bi ara ẹ̀ pé ṣé òun gbé irin yẹn dí iwájú iná báyìí àbí òun ò gbé e, ó ní á, kò séwu, ó ń lọ tiẹ̀. Ìgbà tó máa fi padà dé, ilé ti ń jó. Wọ́n rí Randi gbé jáde, wọn ò rí àwọn ọmọ. Àwọn ọlọ́pàá wá gbọ́ tẹnu ẹ̀, wọ́n ní àṣìṣe ni, wọn ò lè ti èèyàn mọ́lé torí pé ó gbàgbé irin, kó máa lọ. Ẹ wo ojú ẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó ti ń retí pé wọ́n máa fìyà jẹ òun, kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́, ló bá já ìbọn gbà lára ọlọ́pàá kan, ó fẹ́ yìn ín fún ara ẹ̀, wọ́n tètè gbà á.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ara ẹ̀ sẹ́wọ̀n. Yàrá kan ṣoṣo, iṣẹ́ kó máa tún ṣáláńgá tó dí ṣe fáwọn èèyàn, kó lọ mutí lálẹ́ kó wá ìjà kí wọ́n lè lù ú. Ẹ̀ẹ́ wá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn fíìmù torí àwa tá à ń wò ó ti rẹ̀? Rárá o. Ká ní Lonergan ṣe bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ni mi ò bá gba owó mi padà.

Àmọ́ ẹ ní kò ṣe ìkankan, ìyẹn ni mi ò gbà. Ẹ padà lọ wo ọwọ́ ẹ̀. Nígbà tó ń kó ẹrù ẹ̀ kúrò ní yàrá yẹn lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó kú, àwòrán mẹ́ta wà nínú férémù, ó ń fi nǹkan wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń wé ọmọ, àwa tí à ń wò ò tiẹ̀ rí ẹni tó wà nínú wọn, ẹ̀yìn férémù nìkan là ń rí, kò sì sẹ́ni tí ò mọ̀. Lápá ìparí ó ti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá ilé tí wọ́n ti máa gbà á tọ́, ó wá sọ fún un pé òun ń wá ibùgbé tó ní yàrá kan sí i, kọ́mọ náà lè máa wá kí òun. Yàrá kan sí i! Lẹ́nu ẹni tó ti há ara ẹ̀ mọ́ yàrá kan láti ọjọ́ yìí wá, ìyẹn ò kéré. Affleck gba Oscar lórí ẹ̀ ní 2017, Lonergan náà gba ti ẹni tó kọ fíìmù tó dáa jù, kì í ṣe torí omijé.

Ìbéèrè: Ẹ bá wa dá ẹjọ́ o. Èmi àtìyàwó mi wo Rabbit Hole, díẹ̀ ló kù ká jà. Èmi ní ìyá ọmọ yẹn, ọkàn ẹ̀ le jù, ikú ọmọ ò tíì pé ọdún kan tó ti ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ní bàbá ọmọ gan-an ni ò mọ nǹkan tó ń ṣe, pé kí ló ń wá lójú fóònù lálaalẹ́. Ta ló jàre?

Èsì: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi, torí ẹ̀ ń wá ẹni tó máa jàre. Fíìmù yẹn, John Cameron Mitchell ló darí ẹ̀ ní 2010, inú eré orí ìtàgé tí David Lindsay-Abaire kọ ló ti jáde, eré tó gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ní 2007. Danny, ọmọ ọdún mẹ́rin, sáré tẹ̀ lé ajá bọ́ sójú títì, mọ́tò gbá a. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ni fíìmù wá bá ìyá ẹ̀ Becca, ìyẹn Nicole Kidman, àti bàbá ẹ̀ Howie, ìyẹn Aaron Eckhart.

Becca ò lè mí nínú ilé yẹn. Ibi tó bá yíjú sí Danny ló wà níbẹ̀, nítorí náà ó ń já àwòrán tọ́mọ náà yà kúrò lára fíríìjì, ó ń di aṣọ sínú báàgì, wọ́n ti gbé ajá lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Howie ní tiẹ̀, tílé bá ti dákẹ́ lálẹ́ á jókòó, á ṣí fóònù ẹ̀, á máa wo fídíò ọmọ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan Becca lo fóònù yẹn, fídíò pa rẹ́. Ẹ̀ẹ́ rántí ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn. Howie ní ńṣe ló fẹ́ nu ọmọ àwọn kúrò láyé pátápátá, Becca ní ṣó rò pé òun nílò fídíò kóun tó rí Danny ni, nígbà tí kò sí ìṣẹ́jú kan tóun ò rí i.

Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Netherlands, Margaret Stroebe àti Henk Schut, ṣàlàyé kan lọ́dún 1999 tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń lọ máa ń bọ̀ láàárín nǹkan méjì ni, nígbà míì á kọjú sí ẹni tó lọ, á máa wo fọ́tò, á máa sunkún, nígbà míì á kẹ̀yìn sí i, á máa wá bí ìgbésí ayé ṣe máa tẹ̀ síwájú, á palẹ̀ ilé mọ́, á padà síbi iṣẹ́, èèyàn sì nílò méjèèjì. Wàhálà tọkọtaya ni pé wọn kì í sábà wà lápá kan náà lásìkò kan náà. Ọjọ́ tí ọkọ bá fẹ́ sunkún nìyàwó rí okun dìde, ọjọ́ tí ọkọ bá wá rẹ́rìn-ín báyìí, ìyàwó á máa wò ó bí ọ̀dàlẹ̀.

Ibi tí fíìmù yẹn wá gbọ́n sí tí ẹ̀yin méjèèjì ò kíyè sí nìyí o: kálukú ń ṣe ti ẹnì kejì ẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Becca tó ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò, òun ló ń yọ́ tẹ̀ lé ọmọkùnrin tó wa mọ́tò yẹn kiri títí tí wọ́n fi jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Howie tó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ló tún ń mú àwọn tó fẹ́ ra ilé wọ yàrá Danny. Torí náà ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó yín, kóun náà tọrọ tiẹ̀.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé tọkọtaya mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tọ́mọ bá kú fún ló máa ń kọ ara wọn sílẹ̀. Ṣóòótọ́ ni?

Èsì: Kì í ṣòótọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ibi gbogbo lẹ ti máa gbọ́ ọ. The Compassionate Friends, ẹgbẹ́ àwọn òbí tọ́mọ kú fún tó bẹ̀rẹ̀ ní England ní 1969, ṣe ìwádìí láàárín àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2006, 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìgbéyàwó àwọn ti túká. Fíìmù ló fẹ́ràn ìkọ̀sílẹ̀ jàre, torí ó rọrùn fún kámẹ́rà, ẹnì kan á di báàgì, á wọ takisí, ó parí nìyẹn. Àwọn méjì tó dúró ti ara wọn, tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ilé fún ọdún mẹ́wàá láìmọ ohun tí wọ́n máa sọ, báwo lẹ ṣe fẹ́ ya ìyẹn?

Ìbéèrè: Ìyá tó wà nínú Ordinary People yẹn, mo kórìíra ẹ̀ o. Kò sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ láyé. Ọmọ kú, kò sunkún, èyí tó kù kò fẹ́ rí i sójú.

Èsì: Ó wà láyé dáadáa. Ẹni tí ò bá rántí, fíìmù tí Robert Redford kọ́kọ́ darí nìyẹn, 1980, òun ló gba Oscar fíìmù tó dáa jù lọ, Redford náà gba ti olùdarí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ìjì dà á dé, Buck tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n kú, Conrad yè, ó wá fẹ́ pa ara ẹ̀ torí pé ó yè. Mary Tyler Moore ló ṣe Beth ìyá wọn, obìnrin táwọn èèyàn ti mọ̀ sí eré apanilẹ́rìn-ín lórí tẹlifísàn tipẹ́.

Síìnì ẹ̀wù yẹn ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ sin Buck, bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, Beth wò ó, ó ní kó lọ bọ́ ọ kó wọ funfun, kó sì pààrọ̀ bàtà ẹ̀. Ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ lọ sin o! Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú bàbá, kò jáde àfi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ló bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí ló dé tí ṣẹ́ẹ̀tì fi jọ ọ́ lójú lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń wò ó máa ń ní ẹ ò rí i, kò lọ́kàn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ṣẹ́ẹ̀tì nìkan lagbára ẹ̀ ká. Níbòmíràn àwo kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́, ó ṣa àfọ́kù ẹ̀, ó pa á pọ̀, ó ní ó ṣì ṣeé tún ṣe, ọwọ́ ẹ̀ sì rọra ń ṣe é bí ẹni tẹ́nì kankan ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí Redford ni pé Conrad rí dókítà tó ń bá a sọ̀rọ̀, bàbá náà lọ rí dókítà ọ̀hún, ìyá ní òun ò lọ, fíìmù náà wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni pé ó ti dá a lẹ́bi tán. Ó kàn jẹ́ ká rí i fìrí nígbà tó dá jókòó sí yàrá Buck ni, Conrad já lù ú láìmọ̀, ó fò sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè. Èmi ìbá fẹ́ kí kámẹ́rà pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀. Nǹkan tó sì máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí fíìmù yìí jáde, Moore fúnra ẹ̀ pàdánù ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mò ń kọ fíìmù kékeré kan nípa tọkọtaya tọ́mọ wọn kú. Tísà wa ní kí n tẹ̀ lé ìpele ọ̀fọ̀ márààrún, kí síìnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpele kan. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?

Èsì: Àbúrò, máa bọ̀wọ̀ fún tísà ẹ o, ṣùgbọ́n má ṣe é. Elisabeth Kübler-Ross, dókítà tó kọ ìwé ìpele márùn-ún yẹn ní 1969 (kéèyàn ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀, kó tó wá gbà), ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn tó mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ń kú lọ ló jókòó sí tó ń gbọ́rọ̀ wọn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n wá gbé e lé orí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ èèyàn. Kò sí òbí tó ń parí ìbínú lọ́jọ́ Àìkú tó wá bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ Ajé. Tó o bá tò ó báyẹn, kó o tó dé síìnì kejì la ti máa mọ ibi tó ò ń lọ.

Nǹkan kékeré tí kò bọ́ sí i ni kó o máa wá. Nínú Manchester by the Sea, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbé Randi sínú áńbúláǹsì, ilé ń jó lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ibùsùn onítáyà yẹn kọ̀, kò ká, wọ́n gbé e, ó kọ̀, wọ́n tún gbé e. Ẹni tí kò bá gbọ́n á ti gé ibẹ̀ yẹn kúrò. Tàbí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n Lee, Patrick, tí bàbá ẹ̀ kú, ilẹ̀ ti le torí òtútù, wọn ò lè gbẹ́ ẹ, wọ́n ní òkú á wà nínú fírísà títí ilẹ̀ á fi rọ̀. Ọmọ yìí ń ṣeré kiri, ó ń tẹ̀ lé obìnrin, o máa rò pé ikú bàbá ẹ̀ ò tiẹ̀ dùn ún, àfi lóru ọjọ́ kan tó ṣí fírísà ilé, ẹran tó ti di yìnyín ń já bọ́ lé ilẹ̀, ó ń kì í padà, ó ń já bọ́, lọ́mọ bá túká. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ kankan níbẹ̀ o.

Wo The Son's Room náà, ti Nanni Moretti, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní 2001. Bàbá yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbọ́ ìṣòro ọkàn àwọn èèyàn, òun àtọmọ ẹ̀ Andrea ti jọ fẹ́ lọ sáré lọ́jọ́ Àìkú kan, aláìsàn ẹ̀ kan pè é, ó lọ, ọmọ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ wẹ̀ lábẹ́ òkun, kò padà wálé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa pósí dé, Moretti ò gbójú kúrò, wọ́n fi iná lẹ̀ ẹ́, wọ́n wá ń de bóòtù ẹ̀, o sì ń gbọ́ ìró ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé àwọn ife àtìkòkò tíì inú ilé ti sán, wọ́n ti kán létí, bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn.

Nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ kó o kọ́ lára fíìmù yẹn ni pé wọn ò sọ òkú ọmọ di áńgẹ́lì. Kí Andrea tó kú, wọ́n fẹ̀sùn kàn án nílé ìwé pé ó jí òkúta kan tó jẹ́ ti ayé àtijọ́, ó ní òun kọ́, bàbá ẹ̀ ń sáré kiri kó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, ọmọ wá jẹ́wọ́ fún ìyá ẹ̀ pé òun lòun mú un. Ìdí nìyẹn tí àárò ẹ̀ fi ń sọ àwa náà tá ò mọ̀ ọ́n rí. Torí náà fún ọmọ tìrẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ kan, irọ́ kan, nǹkan tó yá tí ò dá padà. Má sì fi òjò sí ibi ìsìnkú, mo bẹ̀ ẹ́, òjò ti rọ̀ tó.

Ìbéèrè: Fíìmù Hamnet tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn, ṣóòótọ́ ni pé ọmọ Shakespeare kú?

Èsì: Òótọ́ ni. Ìbejì ni Hamnet, Judith nìkejì ẹ̀, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí wọ́n sin ín ní Stratford lóṣù kẹjọ 1596. Ohun tó pa á, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan, àjàkálẹ̀ àrùn tẹ́ ẹ rí yẹn, Maggie O'Farrell ló fi sínú ìwé ìtàn tó kọ ní 2020, ìwé ọ̀hún ni Chloé Zhao wá fi ṣe fíìmù ní 2025. Hamnet àti Hamlet sì jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń fi rọ́pò ara wọn níbẹ̀ nígbà náà, ìgbà tó sì máa tó bí 1600 ni eré Hamlet tí Shakespeare kọ jáde. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀ẹ́ rí ìjà Becca àti Howie nínú ẹ̀: ìyá wà nílé pẹ̀lú àyè tọ́mọ fi sílẹ̀, bàbá gba ibi iṣẹ́ lọ, ìyá rò pé ó sá fún ọ̀fọ̀ ni, kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló ti lọ ń ṣe é.

Ìbéèrè: Ṣé omijé gidi làwọn òṣèré yìí máa ń sun?

Èsì: Òmíràn gidi, òmíràn mẹ́ńtọ́ọ̀lù ni wọ́n fi pa abẹ́ ojú. Mi ò tiẹ̀ kí ń wo ojú wọn mọ́, ọwọ́ wọn ni mo máa ń wò.

Ìbéèrè: Mo rí i pé àwọn òbí inú fíìmù yìí máa ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù ṣáá. Ṣé fíìmù kan wà tó dojú kọ ìyẹn gan-an, láìsí pé wọ́n ń gbẹ̀san tàbí pé wọ́n ń yìnbọn kiri?

Èsì: Méjì wá sí mi lọ́kàn. Mass, tí Fran Kranz kọ tó sì darí ní 2021, èèyàn mẹ́rin, yàrá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tábìlì kan. Wọ́n yìnbọn pa ọmọ tọkọtaya kan nílé ìwé, ọmọ tọkọtaya kejì ló yìnbọn yẹn, òun náà ti kú. Kò sí ibi tí fíìmù ti mú wa padà lọ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n dé bẹ̀ tán ló tó wá ń yé èèyàn pé òbí mẹ́rin lọ̀fọ̀ ṣẹ̀ níbẹ̀ o, pé ta ló lọ kí àwọn méjì yẹn kú ìrọ́jú?

Èkejì ni Still Walking, ti Hirokazu Kore-eda, Japan, 2008. Ọmọ àgbà ilé yẹn kú níbi tó ti ń yọ ọmọ ọlọ́mọ tó fẹ́ rì sómi. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí ẹ̀, ìyá máa ń pe ẹni tí ọmọ ẹ̀ yọ yẹn wá sílé, ó ti dàgbà, ó sanra, iṣẹ́ ò jọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á jókòó síbẹ̀, á máa làágùn, á máa tọrọ àforíjì pé òun yè. Ọmọ wọn kejì wá sọ fún ìyá lálẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kọ́kùnrin yìí sinmi, ẹ má pè é mọ́. Ìyá ń fi òwú hun nǹkan lọ́wọ́. Kò gbójú sókè, ó ní ìdí tóun fi ń pè é gan-an nìyẹn, kóun nìkan má máa jìyà. Ìyá tó ti ń gbé oúnjẹ fún gbogbo èèyàn láti àárọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín! Ìkà ni àbí kì í ṣe ìkà? Mi ò mọ èyí tí mo máa mú. Èmi ò tíì rí fíìmù ẹ̀san tó bà mí lẹ́rù tó òwú yẹn.

Ìbéèrè: Àbúrò mi obìnrin pàdánù ọmọ ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá. Mò ń rò ó pé tí mo bá mú un wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù yìí, bóyá á sunkún, kára tù ú. Kí lẹ rí sí i?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí i, Ọlọ́run á tù ú nínú. Mo fẹ́ràn pé ẹ̀ ń rò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi fíìmù dẹ pàkúté omijé fún un. Tẹ́ ẹ bá máa mú un wo nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ dá a wò tán, kẹ́ ẹ wá sọ fún un ní tààràtà pé ọmọ kan kú nínú fíìmù yìí, báyìí ló ṣe kú, ṣé wàá wò ó àbí o ò ní wò ó. Bọ́mọ ṣe kú ṣe pàtàkì gan-an. Tó bá jẹ́ omi ló gbé ọmọ tiẹ̀ lọ, kí Ordinary People àti The Son's Room jìnnà sí i. Tó bá jẹ́ ibi ìbímọ ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dán Pieces of a Woman ti 2020 wò láìsọ fún un, torí ìrọbí gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà ò gé fún ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú, ìkókó sì kú lẹ́yìn ẹ̀. Vanessa Kirby ṣe é débi tó fi gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dáa jù níbi àjọ̀dún fíìmù Venice, àmọ́ ẹni tọ́gbẹ́ ẹ̀ ṣì tutù ò nílò ẹ̀rí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Tó bá gbà, rìmóòtù kó wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wo tẹlifísàn, ẹ má máa yọjú wò ó bóyá omijé ti ń bọ̀. Tó bá parí, ẹ má bi í pé ṣára ti tù ẹ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì sọ pé omi ló dà nù, agbè ò fọ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́, ọmọ tó ní orúkọ ni ó dà nù lójú tiẹ̀. Níbi ìpàdé àwọn òbí nínú Rabbit Hole, tọkọtaya kan ní Ọlọ́run ló nílò áńgẹ́lì sí i tó fi mú ọmọ àwọn, Becca ní ṣebí Ọlọ́run ni, kí ló dé tí ò kàn dá áńgẹ́lì mìíràn. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni tó wá sọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ létí nínú fíìmù yẹn ni ìyá ẹ̀, tí ọmọkùnrin tiẹ̀ náà ti kú, ó ní nǹkan ọ̀hún ò lọ o, pé ó kàn máa kéré débi téèyàn á lè máa gbé e kiri bíi bíríkì nínú àpò, wàá gbàgbé ẹ̀, wàá tọwọ́ bàpò, wàá bá a níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ibi tí ìyá àtọmọ ti ń sọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa mú.

Kò sọ̀rọ̀, ìyẹn ò sọ pé kò ṣọ̀fọ̀. Àmọ́ tí kò bá rí oorun sùn, tí kò lè ṣiṣẹ́, tí ìrora ọjọ́ kìíní yẹn ò dínkù rárá, tí ọdún kan sì ti kọjá, dókítà ni kẹ́ ẹ mú un lọ rí, kì í ṣe sinimá. Láti 2022 ni ìwé táwọn dókítà ọpọlọ ń lò ní Amẹ́ríkà ti ka ọ̀fọ̀ tó bá dúró báyẹn mọ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú.

Tó bá ní òun ò fẹ́ wo fíìmù kankan, ẹ pa á tì. Ẹ bi í bóyá fídíò ọmọ náà wà lórí fóònù ẹ̀, kẹ́ ẹ bá a ṣe ẹ̀dà ẹ̀ síbòmíràn kó má baà pa rẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ dárúkọ ọmọ náà tẹ́ ẹ bá ń bi í.